Ẹ̀rọ Méjì Tí Verna Rà Lọ́wọ́ Ará Ṣọ́ọ̀ṣì Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pọ̀ èyí tó ń bí mi nínú jù jáde, kí n tó lè fara balẹ̀ sọ ìyókù. Ní Ohio wa níhìn-ín, bí èèyàn bá fẹ́ ta ohun tó ti lò, téèpù kékeré kan ló máa lẹ̀ mọ́ ọn lára, á wá kọ ọ́ sí i pé, "Bó ṣe wà la tà á." Ó parí. Téèpù yẹn ti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìbáà jẹ́ pé ejò ló ká jọ sínú ohun tó tà fún ọ, bó o bá padà lọ bá a, téèpù ló máa nàka sí, á sì máa wojú ẹ bíi pé ìwọ lo yájú. Ibí ni wọ́n bí mi sí, ibí ni mo dàgbà sí, n kò tíì rí ohun tó ń sọ ọmọlúàbí di oníjìbìtì kíákíá tó téèpù burúkú yẹn!

Joretta lorúkọ mi. Jo ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Èmi àti Harlan ọkọ mi ń gbé nínú ọgbà kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn ilé gbọọrọ tí wọ́n fi ọkọ̀ wọ́ wá ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Verna Schoonover ló wà nílé tó kángun sí tiwa, ọ̀rọ̀ Verna ni mo sì fẹ́ sọ.

Bí ẹ bá pàdé Verna lọ́nà, ẹ ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin kúkúrú ni, orí ẹ̀ ti funfun, ọwọ́ ẹ̀ pupa, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sórí iná. Aṣọ fífọ̀ ló fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wà lórí òkè tó kọjú sí odò, abẹ́ ilẹ̀ ilé náà ni wọ́n ti ń fọ aṣọ. Ibẹ̀ ni Verna ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó jẹ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bó bá fọwọ́ kan aṣọ bẹ́ẹ̀dì báyìí, á sọ fún ọ bóyá ó gbẹ lóòótọ́ tàbí ńṣe ló ń díbọ́n.

Orrin ọkọ ẹ̀ ń wa ọkọ̀ tó ń kó wàrà. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni. Bó bá rẹ́rìn-ín nílé wọn, àwo á mì nílé wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tó ti ń bu kọfí, rọpárọsẹ̀ gbé e lulẹ̀. Nígbà tí ilé ìwòsàn máa fi dá a padà fún Verna, apá ọ̀tún ti kú, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu ẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń bọ́ mọ́. Ẹni tó bá ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń wí. Àtàárọ̀ dalẹ́, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni. O ò tíì tẹ́ ọ̀kan tán tí òmíràn ti ń dúró dè ọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Lynette, tó ń gbé ní Columbus. Kì í ṣọmọ burúkú, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó kàn fẹ́ràn kó máa pàṣẹ ni. Ó wá, ó wo bàbá ẹ̀, ó fa ìyá ẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, èmi náà wà níbẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ ò lè dá èyí ṣe. Ẹ jẹ́ ká gbé Dádì lọ sílé orí òkè yẹn. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ibẹ̀ dáadáa."

"Torí pé mo mọ ibẹ̀ ni ò ṣe ní lọ," Verna ní. "Èmi ni mo fọ aṣọ wọn, Lynette. Aṣọ kì í purọ́. Mo mọ ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ìtọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìtọ̀ tó ti gbẹ tó tún rin, òórùn ẹ̀ yàtọ̀. Orúkọ kálukú wà lọ́rùn aṣọ ẹ̀, mo sì máa ń rí i bí mo ṣe ń kó o sínú ẹ̀rọ. Ti bàbá ẹ ò ní sí lára wọn."

"Ayé àtijọ́ nìyẹn, Mọ́mì. Wọ́n ti ṣàtúnṣe."

"Àtúnṣe wo? Ọ̀dà ni wọ́n kùn sára ògiri."

Lynette mí kanlẹ̀. Ó ní kò burú, òun ò ní fi tipátipá mú un. Tóun bá ti wá tóun bá Dádì lórí ibi tó gbẹ, tó mọ́, òun ò ní sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tóun bá bá a nínú omi, ọjọ́ yẹn lòun máa gbé e lọ, dókítà sì ti fọwọ́ sí i. Verna ní ó dáa. Àdéhùn tí wọ́n ṣe nìyẹn, etí mi ló ṣe.

Àṣé ẹ̀rọ ìfọṣọ tó wà nílé Verna ń gbọ́ àdéhùn yẹn níbi tó wà! Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló kú. Èkejì ẹ̀, èyí tó ń mú aṣọ gbẹ, ti ṣáájú ẹ̀ lọ tipẹ́, okùn ni Verna fi ń dọ́gbọ́n. Ilé ìfọṣọ alágbàṣe tó wà nílùú ti kógbá wọlé, èyí tó kù wà ní ìlú kejì, ta ló máa wá jókòó ti Orrin? Èmi náà ò ní ẹ̀rọ kankan. Aṣọ àwa méjì ò ju ohun tí à ń gbé lọ fọ̀ nílé àbúrò Harlan lópin ọ̀sẹ̀.

Ìgbà náà ni ìyá Dwight Amstutz kú. Dwight yìí, inú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ wà. Àga tó wà níwájú tiwa ló ń jókòó sí, òun ló ń gbé igbá ọrẹ kiri, ó sì ní ohùn dáadáa, kí n má fi dù ú. Nígbà tí ìyá ẹ̀ kú, Verna ló kọ́kọ́ gbé oúnjẹ lọ, pòtétò tí wọ́n fi wàràkàṣì yan, àwo ńlá, pẹ̀lú gbogbo ìyà tó ń jẹ ẹ́ nílé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, Dwight kó gbogbo ẹrù ìyá ẹ̀ síta bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa, ó ń tà á.

Mo fi ọkọ̀ akẹ́rù Harlan gbé Verna lọ, Harlan sì dúró ti Orrin. Bí a ṣe dé iwájú ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, Verna kàn dúró sójú kan. Ẹ̀rọ méjèèjì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti amáṣọgbẹ, funfun nini, ọ̀kan ò ga ju ìkejì lọ. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí tiẹ̀ kò bá bára mu, aṣọ ló máa ń ta bò ó bí àlejò bá fẹ́ wọlé. Gbogbo ayé Verna, ẹ̀rọ ẹ̀ ò bára mu rí.

"Jo," ó ní, "wò wọ́n. Ìbejì ni wọ́n."

"Kọ́kọ́ wò ó bóyá ara ìbejì náà dá," ni mo fèsì.

Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ṣí i, ó ti imú bọ inú ẹ̀. Ó fọwọ́ yí agolo inú ẹ̀, ó tẹ́tí sí i. Ó fọwọ́ pa rọ́bà omi ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ láti mọ̀ bóyá ó ti ń sán. Ó mi orí sí mi pé ó dáa. Ó wá kan amáṣọgbẹ. Ẹ̀yìn tìyẹn kọ ògiri, wọ́n tì í mọ́ ọn pinpin.

"Bùrọ́dà Dwight," ó ní, "ṣé iná mànàmáná lèyí ń lò? Torí kò sí gáàsì lọ́gbà wa o."

Dwight fa wáyà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó gbé púlọ́ọ̀gì sókè. "Kí lẹ rò pé èyí jẹ́, Sísítà Verna? Ṣé gáàsì ló ń gba inú púlọ́ọ̀gì kọjá ni?" Àwọn tó dúró nítòsí rẹ́rìn-ín. Ó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. Ó tún yára pa á, ó ní ooru ẹ̀ máa ń gbà díẹ̀ kó tó dé, kí la fẹ́ fi iná ṣòfò fún.

Verna gbé ọwọ́ lé etí ẹ̀rọ náà láti fà á síwájú, kó lè yọjú wo ẹ̀yìn ẹ̀. Mo rí i. Gbogbo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ibi tí ọwọ́ yẹn wà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Dwight ní, "Áà, Sísítà Verna. Èmi ni o."

Verna sì gbé ọwọ́ kúrò.

Ẹni tí kò bá gbé láàárín wa lè má mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, a kì í yí ẹ̀yìn ọjà wò lójú ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń tà á. Ńṣe ló dà bí ìgbà tó o sọ fún un pé olè ni. Ẹlòmíì á kúkú ra ẹrù òfo ju kó dójú ti ẹni tó ń gbé igbá ọrẹ lọ. Téèpù wà lára ẹ̀rọ méjèèjì, a rí i. A rò pé fún àwọn àjèjì ni.

A kó wọn délé. Harlan so ẹ̀rọ ìfọṣọ mọ́ omi, ó sì ti amáṣọgbẹ mọ́ ògiri, ó ki púlọ́ọ̀gì ẹ̀ bọ iná. Ẹ̀rọ ìfọṣọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n yìn ín, iṣẹ́ ló ń ṣe. Verna sì ń kẹ́ ẹ. Ó fi pákó pẹlẹbẹ sí abẹ́ ẹsẹ̀ kan kó lè dúró déédéé, ó gbé ife omi lé e lórí, ó ń wò ó títí omi fi dọ́gba. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi ń họ ìdọ̀tí kúrò nínú asẹ́ ẹ̀. Bó bá fọṣọ tán, kò ní pa ìdérí ẹ̀ dé, kó má baà hu. Ó pààrọ̀ rọ́bà omi kó tó di pé ó bẹ́, ó ní ẹni tó bá dúró kó bẹ́ á fi ilé ẹ̀ ṣe odò.

Ti amáṣọgbẹ ńkọ́? Ó yí. Ó yí. Ó tún yí. Aṣọ tutù wọlé, aṣọ tutù jáde. Verna dúró níwájú ẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì ẹ̀ bí ẹni ń wá ibà lára ọmọ. Ó ní ó máa tó gbóná, ṣé Dwight ṣáà ní ó máa ń gbà díẹ̀.  Harlan fà á síwájú, ó tàn tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ̀, ó sì bú èébú tí n kò ní lè tún sọ.

"Gáàsì ló ń mu," ó ní. "Ẹnu páìpù ẹ̀ rèé. Iná mànàmáná kàn ń yí i lásán ni. Ká tó sọ ọ́ di oníná, ìfun tuntun la máa ra fún un, iye ẹ̀ sì ju òun fúnra ẹ̀ lọ."

Owó tí Verna fi pamọ́ ti wọlé sọ́dọ̀ Dwight.  Mo ní, "Wọ ẹ̀wù ẹ, Verna. À ń lọ."

A bá Dwight lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀. Inú ẹ̀ dùn láti rí wa, ó bèèrè ara Orrin, ó ní òun ń gbàdúrà fún un. Verna sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé gáàsì ni amáṣọgbẹ yẹn ń lò.

Ó fọwọ́ ha àgbọ̀n. "Bẹ́ẹ̀ ni, gáàsì ni Mọ́mì mi ń lò nílé yìí."

Háà! Kò tiẹ̀ sẹ́!

"O mọ̀?" mo ní. "O mọ̀, o sì ń na púlọ́ọ̀gì sókè níwájú èèyàn?"

"Sísítà Jo, mi ò purọ́. Ṣebí ó ní púlọ́ọ̀gì? Wọ́n bi mí ní iná, mo fi iná hàn wọ́n. Téèpù sì wà lára ẹ̀. Bó ṣe wà la tà á."

"Ẹ̀bìtì tí ò peèmọ́, kó fẹyìn fẹ́lẹ́yìn! Gba ẹ̀rọ ẹ, kó o dá owó ẹ̀ padà."

"Tí mo bá ṣe é fún ẹnì kan, gbogbo èèyàn ló máa padà wá. Ohun tí téèpù wà fún nìyẹn. Ẹ ṣáà lè máa lo ìdajì, àbí? Ẹ̀rọ ìfọṣọ yẹn dáa gan-an."

"Dwight Amstutz, ṣé ojú ò tì ẹ́? Pòtétò obìnrin yìí ṣì wà nínú ikùn ẹ!"

"Jo," Verna ní, "jẹ́ ká lọ."

"N ò lọ! Ìgbà tó gbé oúnjẹ wá, ṣé ó lẹ téèpù mọ́ ọn? Ṣé ó ní bó o bá jẹ ẹ́ tó o kú, bó ṣe wà nìyẹn?"

Ó ní òun máa gbàdúrà fún èmi náà. Ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, mo ti kúrò lórí àga yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn pátápátá ni mò ń jókòó sí báyìí, tó bá sì gbé igbá dé ọ̀dọ̀ mi, ojú ẹ̀ ni mò ń wò, kì í ṣe igbá.

Verna ta okùn síta. Ìgbà òtútù ń lọ sópin, afẹ́fẹ́ wà, oòrùn ń yọjú díẹ̀díẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń fẹ́ lẹ́lẹ́, mo sì ń wò ó láti ojú fèrèsé wa, inú mi rọ̀ díẹ̀. Kò tíì gbẹ tán tí Trudy, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ọgbà wa, fi dé.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ ṣáà mọ òfin ọgbà. Okùn aṣọ ò gbọdọ̀ wà níta."

"Ọkọ mi ń ṣàìsàn, Trudy," ni Verna wí.

"Mo mọ̀, mà, ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń wá wo ilé bá rí aṣọ lórí okùn, wọ́n á rò pé àwọn tálákà ló ń gbé níbí."

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ ọ́ tán. "Àwọn wo ló wá ń gbé níbí, Trudy? Ṣé ọba ni Harlan ni? Ṣé mo gbàgbé adé mi sórí tẹlifíṣọ̀n ni?"

Verna alára rẹ́rìn-ín. Trudy ò rẹ́rìn-ín. Ó ní tí okùn yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́la, òun máa ní láti sọ fún onílẹ̀, ẹ sì mọ bí onílẹ̀ ṣe rí. A mọ̀. Ẹni tó bá ní kó o gbé ilé ẹ kúrò lórí ilẹ̀ òun, níbo lo fẹ́ gbé e lọ? Verna ká okùn.

Ó wá kù sí inú ilé. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì lórí ilẹ̀kùn, lórí àga, lórí àtùpà, lórí orí amáṣọgbẹ tí kò wúlò yẹn, tí Verna ṣì ń nù dán bí ẹni pé ó máa tó ronú pìwà dà. Ilé wọn kéré, fèrèsé ò ṣeé ṣí torí òtútù. Omi ń ṣàn lára ògiri. Aṣọ ò gbẹ, ńṣe ló ń ronú nípa ẹ̀. Verna á ká èyí tó sàn díẹ̀, á fi áyọ́ọ̀nù jó o títí, á tẹ́ ẹ fún Orrin. Orrin bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Inú ikọ́ yẹn ni Lynette bá wọn. Kò pariwo. Ó rìn láàárín àwọn aṣọ tó so rọ̀, ó ń fọwọ́ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń wọ inú oko, ó dé orí bẹ́ẹ̀dì bàbá ẹ̀, ó fọwọ́ kàn án.

"Ó rin, Mọ́mì."

"Ìtọ̀ kọ́," ni Verna wí. "Omi lásán ni, omi tó mọ́. Fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, màá jó o."

"Mọ́mì, ẹ gbọ́ àyà ẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún."

 Àyà yẹn ń dún lóòótọ́. Wọ́n gbé Orrin lọ. Lynette ń sunkún bó ṣe ń wa ọkọ̀. Orrin di etí ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì tó kù fún un, Verna ló tú ìka ẹ̀ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan ta púlọ́ọ̀gì, ọmọdébìnrin kan ṣòfin okùn, ìyẹn ló kó baálé ilé jáde nílé ara ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé nǹkan kékeré ni, á gbọ́ tẹnu mi.

Verna ò sunkún. Ó wọlé, ó yọ asẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó sì họ ọ́.

Láti ìgbà náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo máa ń gbọ́ tí mọ́tò ẹ̀ ń jáde. Mo rò pé Orrin ló ń lọ wò. Mo wá se ọbẹ̀ adìẹ lọ́jọ́ kan, mo ní kí n gbé e lọ bá wọn lórí òkè. Mo bá Orrin lórí àga ẹ̀, kò sí Verna. Mo bi òṣìṣẹ́ kan.

"Verna? Ó wà nísàlẹ̀ níbi iṣẹ́."

Mo sọ̀kalẹ̀. Ooru gbá mi lójú. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí n gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi. Ẹ wá wo Verna, tó ti lé ní àádọ́rin, tó wọ épírọ́ọ̀nù búlúù, tó ń fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tó tó yàrá!

"Verna! Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Di etí kejì mú," ó ní. "Fà á le."

Mo di etí kejì mú. Kí ni n bá ṣe? A jọ ń ká a. Ó ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé Orrin dé ibẹ̀ lòun bá a nínú ìtọ̀ tó ti gbẹ tó tún rin. Òun ò bá ẹnì kankan jà. Òun lọ sí ọ́fíìsì, òun ní òun fẹ́ iṣẹ́ òun padà. Wọn ò tiẹ̀ bèèrè ọjọ́ orí, ẹni tó máa fara da ooru ibẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Báyìí, bí aṣọ bá ti jáde pẹ̀lú ooru ẹ̀, òun fúnra òun ló ń gbé e gòkè, ti Orrin lòun ń kọ́kọ́ tẹ́. Òun sì ti kìlọ̀ fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ lókè pé tí aṣọ ẹnikẹ́ni lójúlé yẹn bá tún dé ọwọ́ òun pẹ̀lú òórùn yẹn, òun máa gbé e wá sórí tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun.

"Lynette ńkọ́?"

"Lynette ò gbọdọ̀ gbọ́. Á ní mo fẹ́ kú sí abẹ́ ilẹ̀. Búra fún mi, Jo, pé o ò ní sọ ọ́."

Mo búra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹnu tí mo ní. N kò jẹ ìyà tó tó ìyẹn rí.

Ọjọ́ Àìkú kan, Lynette wá, èmi àti Verna sì wà níbẹ̀. Verna kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ó ti gbé aṣọ wá láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà kí Lynette tó dé. Orrin jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ táyà, ikọ́ ti lọ, wọ́n ti fá irùngbọ̀n fún un. Lynette fi àtẹ́lẹwọ́ ra bẹ́ẹ̀dì náà láti òkè délẹ̀. Ojú ẹ̀ tú yẹ́ẹ́.

"Ẹ wò ó, Mọ́mì. Ó gbẹ nini, ó tún ń ta sánsán. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá ló máa ń gbẹ. Ṣebí mo sọ fún yín pé wọ́n ti ṣàtúnṣe? Ẹ kàn ń fi gbogbo ìgbà yẹn pa ara yín lásán ni."

Lásán! Mo lanu láti sọ̀rọ̀. Verna tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wúwo ju bó ṣe kúrú lọ.

Lynette bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú bàbá ẹ̀. "Dádì, ṣé wọ́n ń tọ́jú yín dáadáa níbí?"

 Orrin gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀díẹ̀, ó nàka sílẹ̀, sí abẹ́ àga ẹ̀.

"Verna," ó ní.

"Mọ́mì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, Dádì."

Ó mi orí kíkan kíkan. Ó gbá apá àga. Ó tún nàka sílẹ̀.

"Verna. Ìsà... ìsàlẹ̀."

Lynette gbójú sókè sí mi. "Àǹtí Jo, kí ló ń sọ? Kí ló wà nísàlẹ̀?"

Mo búra pé n kò ní sọ ẹni tó wà níbẹ̀. N kò búra pé n kò ní sọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ni," mo ní. "Lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kó o lọ kí ẹni tó ń ṣàtúnṣe."

Ó yíjú sí ìyá ẹ̀. Ó fa ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ibi tí irin gbígbóná ti jó o wà níbẹ̀, àwọn kan ti gbẹ, àwọn kan ò tíì gbẹ. Verna já ọwọ́ ẹ̀ gbà.

"Ooru lásán ni. Kì í dùn mí."

 Lynette jókòó sórí etí bẹ́ẹ̀dì gbì, ó da ojú bo aṣọ náà, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré.

"Dìde!" Verna pariwo, ó sì fa ọmọ ẹ̀ lápá. "Dìde lórí aṣọ yẹn, Lynette! O fẹ́ fi omijé rin ín ni? Bàbá ẹ ló máa sùn sórí ẹ̀!"